Irorẹ́ tó ń yọ lágbọ̀n àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́: Kí ló ń fà á, kí sì ni ìpara ọjà ń ṣe sí i?

Ní ọjà Makola, láàárín gbùngbùn ìlú Accra, ohun ìtọ́jú ojú kò wọ́n. Ọṣẹ wà nínú ike, òmíràn wà nínú ọ̀rá. Ìpara wà nínú túùbù, òmíràn sì wà nínú ike kékeré tí ẹni tó pò ó kò kọ orúkọ kankan sí lára. Bí obìnrin kan bá dúró níwájú ìsọ̀ tó sì nawọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀, kò dìgbà tó bá sọ̀rọ̀ púpọ̀ kí ẹni tó ń tajà tó mọ ohun tó bá wá. Irorẹ́ ni, àti àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀.

Ohun tó bá rà lọ sílé lọ́jọ́ náà ló máa sọ bóyá ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀ ni, àbí ti ọdún púpọ̀.

Ìdí ni pé irorẹ́ tó ń yọ yí àgbọ̀n ká, títí dé abẹ́ etí àti òkè ọrùn, yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó ń yọ níwájú orí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Obìnrin tó ti lé lọ́mọ ogún ọdún ló wọ́pọ̀ sí lára jù, títí kan àwọn tí ojú wọn dán nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rò pé àwọn kò fọ ojú dáadáa ni, wọ́n á wá tẹra mọ́ ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń fà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àgbọ̀n ló yàn?

Gbogbo irun tó wà lójú, títí kan èyí tó tín-ín-rín débi pé kò hàn, ló ní ihò tó ń gbà yọ. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà ni àpò kékeré kan wà tó ń pèsè ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ. Bí ọ̀rá náà bá pọ̀ jù, tí awọ tó ti kú sì dí ẹnu ihò, ọ̀rá á há sí abẹ́. Kòkòrò bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Cutibacterium acnes, tó ń gbé lára gbogbo èèyàn láìpa wọ́n lára, á wá rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, á sì máa pọ̀ sí i. Ara á gbógun tì í. Ibẹ̀ á wú, á máa ro èèyàn, ó sì lè kó ọyún.

Ìwé ìṣègùn òyìnbó máa ń sọ pé ibẹ̀ á pọ́n. Lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Dúdú ni ibẹ̀ máa ń dú sí i, àmì dúdú náà sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí irorẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ. Ní Accra, bíi ti Èkó, àpá yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sọ́jà ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń pàṣẹ fún àpò ọ̀rá yìí ni àwọn họ́mónù tí wọ́n ń pè ní androgen. Ti ọkùnrin ló pọ̀ jù, àmọ́ obìnrin náà ní in. Àwọn àpò ọ̀rá tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú a máa tètè gbọ́ àṣẹ yìí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rí i. Bí ó bá lọ, á tún padà wá lóṣù tó tẹ̀lé e, nígbà míì sójú kan náà. Ó sábà máa ń jìn sínú awọ, kì í ní ojú funfun, bí wọ́n bá sì fi ọwọ́ kàn án, á máa dun èèyàn.

Abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí àti èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ awọ apá wà lára ọ̀nà tí àwọn obìnrin Ghana ń lò jù. Họ́mónù progestin nìkan ló wà nínú wọn, ó sì lè mú kí irorẹ́ pọ̀ sí i lára àwọn kan. Obìnrin tó bá kíyè sí i pé ìgbà tí òun gba abẹ́rẹ́ ni àgbọ̀n òun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan, kó sọ fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n jọ wá ọ̀nà míì. Kó má kàn dá a dúró fúnra rẹ̀. Oyún tí èèyàn kò retí kì í ṣe oògùn irorẹ́.

Àwọn nǹkan míì tún wà tó ń dá kún un: okùn àṣíborí ọlọ́kadà tó ń fún àgbọ̀n, fóònù tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òróró irun tó ń ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ojú nínú ooru Accra. Bí ìwọ̀nyí nìkan bá ni, tètè ni wọ́n ń yanjú.

Nígbà tí irorẹ́ bá jẹ́ àmì nǹkan míì

Bí nǹkan oṣù obìnrin kò bá wá déédéé, tí irun ń hù sí i lágbọ̀n, tí irun àárín orí rẹ̀ sì ń já, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àìsàn tí wọ́n ń pè ní PCOS. Àìsàn yìí máa ń mú kí androgen pọ̀ lára obìnrin ju bó ṣe yẹ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní obìnrin tó ní in tó bíi ẹnì kan nínú mẹ́wàá lára àwọn tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ó wà lára ohun tó sábà ń jẹ́ kí obìnrin máa wá ọmọ kiri, ó sì lè ṣílẹ̀kùn fún àìsàn àtọ̀gbẹ lẹ́yìn ọ̀la.

Láwùjọ Yorùbá, wọ́n a máa fi obìnrin onírùngbọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn míì á ní olówó ni tàbí pé ó le bí ọkùnrin. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ á máa yọ́ fá a ní bálùwẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dé etí dókítà ṣe máa ń parí sí bálùwẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ohun tó ń yọ lágbọ̀n àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kì í ṣe irorẹ́ rárá. Irùngbọ̀n wọn a máa lọ́. Bí abẹ bá gé e mọ́ awọ pátápátá, ṣóńṣó rẹ̀ á tẹ̀ padà wọ inú awọ, ara á sì kà á sí ẹ̀gún tó gún òun. Ibẹ̀ á wú, á sì dúdú. Oògùn irorẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yanjú rẹ̀. Kí onítọ̀hún fi abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó fi kílípà gé e, kó ṣẹ́ irun díẹ̀ kù, kó má fá a kanlẹ̀. Sípíríìtì tí wọ́n ń dà lé e lórí lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá fá a tán, títa ló kàn ń ta, kì í yọ irun tó ti wọlé.

'Alata samina', ọṣẹ tó ní Yorùbá nínú

Ọṣẹ tí wọ́n sábà máa ń júwe fún ẹni tó bá ní irorẹ́ ní Ghana ni alata samina. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ náà á dúró ná. 'Samina' ni ọṣẹ lédè Twi, 'Alata' sì ni orúkọ tí àwọn Akan fi ń pe àwọn Yorùbá àti àwọn míì tó wá láti apá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀rọ̀ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláta tó ń ná ọjà Gold Coast láyé àtijọ́. Àwọn kan so ó mọ́ ìlú Allada tó wà ní Benin lónìí. Àdúgbò Ngleshie Alata ṣì wà ní Jamestown, ní Accra. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia ṣòfin tó lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló di ẹrù wọn padà sílé. Ọṣẹ wọn kò bá wọn lọ.

Ọṣẹ dúdú náà ni. Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo kòkó ni wọ́n fi ń sè é pẹ̀lú àdín tàbí epo pupa. Ó máa ń fọ ọ̀rá kúrò lójú dáadáa, àwọn kan sì wà tí ojú wọn gbà á. Ṣùgbọ́n eérú ló fún un lágbára, agbára náà sì pọ̀ fún awọ ojú. Awọ ojú kan díẹ̀, ìwọ̀n pH rẹ̀ kò jìnnà sí 5, nígbà tí ti ọṣẹ eléérú lè tó 9 tàbí 10. Kí wọ́n wá máa fi fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí wọ́n tún máa fi sapɔ họ ọ́, ìyẹn kànìnkànìn onínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú bálùwẹ̀ káàkiri Ghana. Awọ á gbẹ, á máa bó, á sì máa ta. Irorẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kò ní kúrò, torí họ́mónù kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Họ́họ yẹn sì tún ń mú kí àpá dúdú pọ̀ sí i.

Kí èèyàn rọra fi ọwọ́ fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó. Ẹni tí alata samina bá ń gbẹ lójú, kó fi wẹ ara, kó wá ọṣẹ tó rọ̀ fún ojú. Bákan náà ni òróró àgbọn, tí àwọn kan ń fi para sójú lálẹ́: ó dára fún ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́, àmọ́ ó máa ń dí ihò irun lójú ẹni tí irorẹ́ ń yọ lára.

Ìpara tó ń 'fọ ojú mọ́'

Ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú àwọn ìpara tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún àpá dúdú àti fún bíbó ara, steroid wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Clobetasol wà lára èyí tó wọ́pọ̀, ó sì wà lára èyí tó lágbára jù nínú gbogbo steroid tí wọ́n ń fi para. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún àwọn àìsàn awọ kan, fún ọjọ́ díẹ̀, kì í sì í sábà jẹ́ ojú.

Bí obìnrin tí irorẹ́ ń yọ lágbọ̀n bá para pẹ̀lú rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ irorẹ́ á rọlẹ̀, ojú á sì mọ́lẹ̀. Ẹ̀tàn rẹ̀ nìyẹn. Steroid ń pa ogun tí ara ń jà lẹ́nu mọ́ ni, kò ṣí ihò tó dí, kò sì kan họ́mónù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, irorẹ́ tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kéékèèké, tí gbogbo wọn dọ́gba, lẹ́rẹ̀kẹ́ àti lágbọ̀n. Awọ á tín-ín-rín, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè máa hàn lábẹ́ rẹ̀, irun sì lè máa hù níbi tí irun kò sí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá dá ìpara náà dúró lójijì, ojú á tú yáyá láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rù á bà á, á sì sáré padà sí i. Á máa rò pé ìpara náà ló ń bá òun ja irorẹ́, láìmọ̀ pé òun ló ń bí i.

Hydroquinone náà tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó pẹ́ láìsí àbójútó dókítà, ó lè sọ awọ di dúdú aláró, pàápàá lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọ̀ yìí sì ṣòro láti yọ ju àpá irorẹ́ tó gbé èèyàn débẹ̀ lọ. Ní ọdún 2016 ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana, FDA, kéde pé ìpara tó bá ní hydroquinone kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀èdè náà mọ́. Ní 2018, àjọ náà tún kìlọ̀ fún àwọn aláboyún tó ń lo oògùn oníhóró kí ọmọ inú wọn lè pọ́n. Àwọn ìkìlọ̀ yìí dára. Àmọ́ ìpara tí wọ́n pò nínú yàrá, tí kò sí ohunkóhun lára ike rẹ̀, kò sí bí ẹni tó ń rà á ṣe máa mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, kó má dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìbá dókítà sọ̀rọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ gbogbo ara ló ń fi pa.

Kí ló ń ṣiṣẹ́?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀, kò sì yára.

Èyí tó rọrùn láti rí ni benzoyl peroxide, tó wà lára oògùn tí WHO kà sí kòṣeémánìí. Ó ń pa kòkòrò inú ihò irun, ó sì ń ṣí ihò náà díẹ̀. Èyí tó jẹ́ 2.5% tàbí 5% ti tó. 10% kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ jù wọ́n lọ, títa ló fi ń jù wọ́n lọ. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ni kí wọ́n fi para yí gbogbo ibi tí irorẹ́ máa ń yọ ká, kì í ṣe orí èyí tó ti yọ nìkan. Ó máa ń pa aṣọ láwọ̀ dà, torí náà kí wọ́n ya tówẹ́ẹ̀lì àti ìrọ̀rí funfun sọ́tọ̀ fún un.

Adapalene ni èkejì. Òun ló ń jẹ́ kí awọ tó ti kú máa kúrò lẹ́nu ihò kó má baà dí. Alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín. Láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú lè gbẹ, irorẹ́ sì lè fẹ́ pọ̀ sí i kó tó rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Oògùn irorẹ́ tó dára sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀ gidi, ohun tí kò sí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà lójú ìsọ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo adapalene. Azelaic acid ni dókítà sábà máa ń kọ fún un, ó sì tún ń dín àpá dúdú kù.

Oòrùn Accra ń mú kí àpá dúdú pẹ́ lójú. Ìpara adáàbòbò lọ́wọ́ oòrùn kì í ṣe ti òyìnbó nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ń sọ ojú di funfun bí ẹni kun ẹfun. Èyí tó ní àwọ̀ díẹ̀ ló dára jù fún ẹni tó ń wo àpá san.

Bí ìwọ̀nyí kò bá tó, dókítà lè kọ oògùn apakòkòrò bíi doxycycline fún oṣù mẹ́ta tàbí díẹ̀ sí i, pẹ̀lú benzoyl peroxide kí kòkòrò má baà mọ́ ọn lára. Kí èèyàn kàn máa ra kápúsù méjì-mẹ́ta ní kẹ́mísítì, tàbí kó tú ẹ̀lú inú rẹ̀ sórí irorẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe, kò yàtọ̀ sí kó máa kọ́ kòkòrò níjà.

Fún obìnrin tí họ́mónù ń dà láàmú, oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí oníhóró tó ní estrogen nínú lè ràn án lọ́wọ́. Òmíràn ni spironolactone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn, tó máa ń dí androgen lọ́nà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára obìnrin 410 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní 2023, fi hàn pé àwọn tó lò ó sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní èyí tí kò ní oògùn nínú lọ. Ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ju ti ìkejìlá lọ. Obìnrin tó lóyún kò gbọdọ̀ lò ó. Isotretinoin ló lágbára jù, fún irorẹ́ tó le gan-an, ó sì ń ba ọmọ inú jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á láìrí dókítà, tàbí kó gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ṣé ẹ̀pà ló ń fà á?

Láti Accra dé Abẹ́òkúta, ẹ̀pà ni wọ́n ń di irorẹ́ rù. Kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé bẹ́ẹ̀ ni. Oúnjẹ tó ń mú kí ṣúgà ga kíákíá nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìwádìí ń tọ́ka sí jù: ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì funfun, ṣúgà nínú tíì. Wàrà náà wà níbẹ̀ fún àwọn kan, àti pàápàá ìyẹ̀fun whey tí àwọn tó ń gbé irin ń mu. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ará erékùṣù Kitava ní Papua New Guinea, tí wọ́n ń jẹ iṣu, ẹja, èso àti àgbọn. Nínú èèyàn 1,200 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò rí ẹyọ irorẹ́ kan. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bá pa búrẹ́dì tì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí àjogúnbá wà níbẹ̀, ìgbé ayé wọn náà sì yàtọ̀. Kí èèyàn dín ṣúgà kù, kó sì máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Èyí tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọge pé ọkọ ni oògùn irorẹ́ kò tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ní i. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ń fi lé e lórí, sísun ló ń sun awọ.

Ìgbà wo ló yẹ kí èèyàn lọ rí dókítà?

Bí irorẹ́ bá jìn, tó ń dunni, tó ń fi kòtò tàbí àpá tó wú sílẹ̀, kí onítọ̀hún má dúró de oṣù mẹ́ta. Àgbọ̀n wà lára ibi tí àpá ti máa ń wú jáde jù lára èèyàn dúdú, ẹni tí irú àpá bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ irorẹ́ tàbí fi abẹ́rẹ́ gún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá wá déédéé, tàbí tí irorẹ́ kàn dédé bò lójú lẹ́yìn ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ní Accra, ẹ̀ka ìtọ́jú awọ ara wà ní ilé ìwòsàn ńlá Korle Bu, tó ti wà láti 1923. Ẹni tí kò bá lè tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ, dókítà gbogbogbò ní ilé ìwòsàn àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kó sì kọ̀wé ránṣẹ́ bó bá yẹ. Kí aláìsàn kó gbogbo ọṣẹ àti ìpara tó ti lò dání, títí kan ike tí kò lórúkọ.